Àwìn Kò Sí Níbí

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù kẹta

Obìnrin tó wà ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gbèjà àwọn oníbàárà ló ní kí n máa kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: ọjọ́ tí wọ́n pè mí, ohun tí wọ́n sọ, ohun tí mo fi dá wọn lóhùn. Mo ní èmi ò mọ̀wé. Ó ní kí n wá ẹni tó máa bá mi kọ ọ́. Ọmọ mi obìnrin ló ń kọ èyí. Mo sọ fún un pé bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kó ṣe kọ ọ́, kó má fi ìwé tó kà tún un ṣe. Ó ní òun gbọ́. A ó máa wò ó.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo dé ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, mo bá ìwé pupa kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn. Agẹrun tó wà ní òdìkejì títì ti dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́, oníbàárà rẹ̀ sì dúró tì í, wọ́n ti gẹ ìdajì orí rẹ̀, ìdajì wà níbẹ̀. Agẹrun kà á sókè. Mi ò bẹ̀ ẹ́. Ó ní ìyàwó mi jẹ gbèsè lórí káàdì àwìn, ó ti pẹ́, èlé ti gorí èlé, èmi ọkọ rẹ̀ ni kí n wá san án, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á gbé mi lọ sí kóòtù, wọ́n á sì kó gbogbo ohun tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù.

"Ọ̀gá Ṣúmékà," ni Agẹrun wí, "ẹ̀yin náà?"

Ó wá gbójú sókè wo pátákó tó wà lókè orí mi. ÀWÌN KÒ SÍ NÍBÍ. Ìyàwó mi ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Ọdọọdún ló ń fi ọ̀dà tuntun tọ ojú rẹ̀, títí àìsàn fi dá a dúró.

Mo ti ń rán bàtà láti ìgbà tí irùngbọ̀n mi ò tíì hù. Mi ò jẹ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan rí. Bí wọ́n bá kó maṣíìnì àti àwọn ẹsẹ̀ igi tí mo fi ń mọ bàtà lọ, kí ni kí n wá máa ṣe, kí n máa jókòó wo títì? Ó tó. Mi ò sọ mọ́ lónìí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹta

Ọkùnrin tó ń bá wọn gba gbèsè yẹn tún pè. Ọmọ mi sọ ọ́ ní Olóhùn Oyin, torí bó ṣe ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń rẹ ọmọ tuntun lẹ́kún.

"Bàbá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ara ń kọ́? Ẹ̀yìn yẹn ń kọ́?"

Ẹ̀yìn mi ló ń béèrè, ẹ̀yìn tó fẹ́ já.

"Bàbá mi, ẹ ṣáà fi díẹ̀ sílẹ̀, kí n lè rí nǹkan sọ fún ọ̀gá mi. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní fẹ́ kí orúkọ ìyá máa rìn nílẹ̀ báyìí."

Ọmọ mi wò mí. "Bàbá, ẹ ò tíì fún un ní nǹkan kan, àbí?"

Mo ní kó máa kọ ohun tí mo ń sọ, kó yéé bi mí ní ìbéèrè. Ó gbé bírò sílẹ̀. Ó ká ọwọ́ lérí tábìlì bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń ṣe. Mo wá sọ fún un. Mo ti fi owó ránṣẹ́ sí i lẹ́ẹ̀mejì. Owó ogójì gìgísẹ̀. Ó ní kí n sọ iye rẹ̀ bí gbogbo ayé ṣe ń sọ ọ́. Mo ní gìgísẹ̀ ni mo mọ̀, iye tí mò ń gbà lórí gìgísẹ̀ kan ni mo fi ń jẹun.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi fún un?"

"Kó má bàa wá sí ṣọ́ọ̀bù."

Kò pariwo. Ì bá ti pariwo, ì bá sàn fún mi.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹfà

A lọ sí ọ́fíìsì náà. Mo gbé àpò awọ mi dání, mo da gbogbo ìwé tó wà nínú rẹ̀ sórí tábìlì obìnrin ọ́fíìsì náà, onígíláàsì ojú. Eruku awọ sọ. Ó sín. Àwọn mìíràn ti lẹ̀ pọ̀ mọ́ra nítorí gọ́ọ̀mù.

"Bàbá, ẹ ò ṣí ọ̀kankan?"

"Ta ló fẹ́ kà á fún mi?"

"Ẹ lọ́mọ."

"Ọmọ mi ní ilé ọkọ tirẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló ń kàwé fún mi. Nígbà tó kú, mo rò pé ìwé náà á dákẹ́."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀bẹ kékeré ṣí wọn. Ó pín wọn sí ọ̀nà méjì. Ó bi mí pé oṣù wo la sin ìyàwó mi. Mo sọ fún un. Ó bọ́ gíláàsì, ó nù ún, ó tún un wọ̀.

"Bàbá, lẹ́yìn ìsìnkú yẹn ni wọ́n fi káàdì yìí ra súwẹ́tà, wọ́n ra fóònù, wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì. Ṣé ìyá ló jí dìde wá wọ bọ́ọ̀sì ni?"

Ọmọ mi rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún kí n tó yíjú. Èmi ò sunkún. Omijé mi ti tán lọ́dún kẹta sẹ́yìn. Obìnrin náà ní olè kan ló mú nọ́ńbà káàdì náà, pé èyí tó pọ̀ jù nínú gbèsè yìí, ti olè ni, àti èlé tó gorí ti olè. Ó ní a máa kọ̀wé jiyàn rẹ̀. Ó ní gbèsè aya kì í ṣe ti ọkọ bí ọkọ ò bá fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n owó tí mo ń fún Olóhùn Oyin yẹn, wọ́n lè sọ pé òun ni ìfọwọ́sí mi. Mi ò gbọdọ̀ fún un ní nǹkan kan mọ́. Mi ò gbọdọ̀ sọ pé mo jẹ ẹ́.

Ó ku ọjà kan. Òun nìkan ló tóbi, ó sì ti wà kí ìyàwó mi tó kú, ó tó ọdún méjì ṣáájú. Orúkọ ilé iṣẹ́ tó tà á ò ju lẹ́tà mẹ́ta lọ, kò sì sí ohun mìíràn níbẹ̀ àfi nọ́ńbà ọjà. Ọmọ mi kà á sókè, ó ń dà á kọ: méje, òdo, mẹ́rin, mẹ́rin, mẹ́sàn-án.

"Èyí ń kọ́, Bàbá? Ẹ mọ̀ ọ́n?"

Mo ní ìyàwó mi ò ra nǹkan kan láwìn láyé rẹ̀. Mo ní òun ló kọ pátákó mi.

"Bàbá, ìwé ìbúra nìyí o. Ẹ má búra sí ohun tẹ́ ò mọ̀."

"Mo mọ ìyàwó mi."

Mo ti àtàǹpàkò bọ inú yíǹkì, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó tẹ̀ dáadáa. Àtàǹpàkò mi tóbi, ó gba gbogbo àyè tí wọ́n fún un.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án

Òjò. Òrùlé ń jò sórí awọ tuntun. Gọ́ọ̀mù ti tún gbówó lórí, agolo kan ti di gìgísẹ̀ mẹ́fà. Olóhùn Oyin pè lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mi ò gbé e.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlá

Bíríkìlà kọjá lọ pẹ̀lú àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Sílípáàsì rọ́bà ló wọ̀, sìmẹ́ǹtì ti gbẹ sáàárín ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Bàtà iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà lórí ìṣó nínú ṣọ́ọ̀bù mi. Láti ọdún tó kọjá ló ti wà níbẹ̀. Ó san ìdajì, mo ní ọjọ́ tí ìdajì kejì bá dé ni bàtà máa kúrò lórí ìṣó. Ó bẹ̀ mí. Ó ní sìmẹ́ǹtì ń jẹ òun lẹ́sẹ̀. Mo na ọwọ́ sí pátákó. Ó ní òun ò mọ̀wé. Mo dá a lóhùn pé, "Èmi náà ò mọ̀ ọ́n kà, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó wí."

Lónìí ó dúró lójú títì, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ẹni ń kí ọba.

"Bàbá Ṣúmékà, ẹ kú gbèsè o!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Agẹrun náà rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé sísọ́ọ̀sì kúrò lórí oníbàárà rẹ̀, kó má bàa gé e létí. Mo tẹ orí mi mọ́ bàtà tó wà lọ́wọ́ mi. Bàtà náà ò nílò nǹkan kan mọ́, mo ti parí rẹ̀. Mo ṣáà ń gbá a ní òòlù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá

Maṣíìnì kọṣẹ́. Ó ké bí ẹran, ó já òwú, ó dúró. Ọdún karùn-ún rèé tó ti ń bá mi ṣiṣẹ́, kò ṣe báyìí rí. Mo padà sí abẹ́rẹ́ ọwọ́. Nígbà tí ọ̀sán fi máa pọ́n, àtàǹpàkò mi ti wú tó ẹyin. Bàtà méjì péré ni mo rán. Ṣé ìgbà tí gbogbo wàhálà yìí wà lọ́rùn mi náà ló yẹ kó rẹ irin náà?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Ẹni tó ń tún maṣíìnì ṣe wá. Ọkùnrin sísanra ni, ó máa ń mí bí ẹni ń gun òkè. Ó tú u wò, ó ní irin kékeré kan tó ń mú òwú ló ṣẹ́, pé òun máa bèèrè fún òmíràn, ṣùgbọ́n òun gbọ́dọ̀ mọ nọ́ńbà maṣíìnì náà kí wọ́n má bàa gbé irú mìíràn wá. Mo ní nọ́ńbà wo? Ó ní èyí tó wà lára páànù pẹlẹbẹ tó wà lábẹ́.

Mo mọ páànù náà. Ibẹ̀ ni ọwọ́ òsì mi máa ń sinmi lé bí mo bá ń yí kẹ̀kẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìka mi ti pọ́n ọn dán. Mo mọ gbogbo òkè àti ọ̀gbun tó wà lójú rẹ̀ bí mo ṣe mọ eyín mi. Mi ò mọ̀ pé nọ́ńbà ni.

Ó sùn sílẹ̀, ó wọ abẹ́ tábìlì, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló kù síta. Ọmọ mi jókòó sórí àpótí, ó ń kọ iye tó fẹ́ gbà.

"Ẹ kọ ọ́," ló ń ké lábẹ́ níbẹ̀. "Méje. Òdo. Mẹ́rin. Mẹ́rin. Mẹ́sàn-án."

Bírò ọmọ mi dúró.

"Ṣé ẹ gbọ́? Àbí kí n tún un kà?"

Ọmọ mi ṣí báàgì rẹ̀, ó yọ ìwé ìjiyàn wa, ó fi ìka tọ ojú rẹ̀ wálẹ̀. Mo rí ìka náà níbi tó dúró sí.

"Bàbá, ta ló ra maṣíìnì yìí?"

"Ìyá ẹ. Owó tó kó jọ nídìí aṣọ lílọ̀ ló fi rà á."

"Ẹ tún un sọ."

Mi ò tún un sọ. Ọkùnrin náà yọ orí síta láti abẹ́ tábìlì, eruku kún irun rẹ̀, ó ń wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Ṣé mo ba nǹkan jẹ́ ni?"

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkàndínlógún

Mi ò ní ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlélógún

Kọ ọ́. Mo ní kó o kọ ọ́, ìyá ẹ ni mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Maṣíìnì mi àtijọ́ ti kú nígbà yẹn. Mò ń fi ọwọ́ rán gbogbo rẹ̀. Àtàǹpàkò mi wú bó ṣe wú lọ́sẹ̀ tó kọjá yìí, lálẹ́ òun ló máa ń fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́ fún mi. Ó ní ká lọ gba maṣíìnì níbi tí wọ́n ti ń sanwó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo ní ọjọ́ tí ohun àwìn bá wọ ilé mi, èmi á jáde. Mo pariwo rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ gbọ́ ọ lọ́jọ́ yẹn, ẹ má díbọ́n.

Kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ṣe díẹ̀, ó fi kẹ̀kẹ́ ẹrù gbé maṣíìnì wá. Ó ní owó tí òun ń tọ́jú ni. Mo yọ̀. Mo yẹ irin náà wò, mi ò yẹ ojú ìyá ẹ wò. Láti ìgbà náà ló ti ń gba aṣọ àwọn òṣìṣẹ́ báǹkì lọ̀ pẹ̀lú ti àwọn oníbàárà rẹ̀ àtijọ́. Ìrọ̀lẹ́ ló ń lọ. Ó máa ń padà dé pẹ̀lú òórùn aṣọ gbígbóná. Mo ní kò jókòó sílé mọ́. Mo sọ fún un níṣojú àwọn àlejò pé ó ti fẹ́ràn owó jù.

Ó ní, "Ẹ má bínú."

Ó ń tọ ojú pátákó yẹn lọ́dọọdún. Nígbà tó wà lórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú ọ̀dà, èmi ni mo di àtẹ̀gùn náà mú. Mò ń wí fún un pé kó jẹ́ kí ÀWÌN náà dúdú dáadáa.

Ọmọ mi ti kọ nǹkan kan tirẹ̀ sí etí ìwé yìí. Mo ní kó kà á fún mi, ó kọ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàlélógún

A padà sọ́dọ̀ onígíláàsì. Mo sọ fún un pé mo búra èké. Ó tilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀.

Ó ní wọ́n ti fi ìwé náà ránṣẹ́. Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù tó ń bọ̀ ni ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ gbèsè máa gbọ́ ọ. Ó ní gbèsè maṣíìnì yẹn ti darúgbó, ó ti kọjá iye ọdún tí wọ́n fi lè gbé e lọ sí kóòtù. Bí mo bá dákẹ́, á kọjá lọ. Bí mo bá dìde sọ pé mo mọ̀ ọ́n, pẹ̀lú owó tí mo ti fi sílẹ̀ fún wọn, wọ́n lè sọ pé mo ti jí i dìde, kí wọ́n wá gbé maṣíìnì lọ. Ìbúra èké náà sì ní ìjìyà tirẹ̀.

"Mi ò ní kẹ́ ẹ parọ́, Bàbá. Mo kàn ń sọ ohun tó wà nílẹ̀ fún yín ni."

Nínú bọ́ọ̀sì, ọmọ mi ní, "Bàbá, ẹ dákẹ́. Mo bẹ̀ yín. Màmá náà á fẹ́ kẹ́ ẹ dákẹ́."

"Ìyá ẹ ti dákẹ́ jù. Dídákẹ́ ló pa á."

Ó yíjú sí fèrèsé. Ọ̀rọ̀ yẹn le jù. Mi ò kó o padà.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Wọ́n ti fi irin tuntun sí maṣíìnì. Gìgísẹ̀ mọ́kàndínlógún. Ó ń ṣiṣẹ́ bíi tuntun. Mo fi ọwọ́ òsì mi sílẹ̀ sórí itan, mi ò fi í lé páànù.

Olóhùn Oyin pè, ọmọ mi gbé fóònù, ó fi í sí ohùn tí gbogbo ènìyàn lè gbọ́. "Bàbá mi, ìdajì péré. Ẹ san ìdajì, kẹ́ ẹ tẹ̀ka pé ẹ jẹ ẹ́, gbogbo ẹ̀ parí." Ọmọ mi ní kó lọ jókòó jẹ́ẹ́. Ọkùnrin náà ní, "Ẹ ṣeun, Àǹtí mi," bí ẹni tí wọ́n fún lẹ́bùn.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Mo lọ síbi tí ìyá wọn wà. Mo tu koríko. Mi ò rí nǹkan kan sọ, mo padà.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹrin

Kọ gbogbo rẹ̀, má fo nǹkan kan.

Yàrá kékeré ni. Fáànù ń yí, kò fẹ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn mẹ́ta ló jókòó sẹ́yìn tábìlì gígùn. Ojú ń tì mí, ilẹ̀ ni mò ń wò, nítorí náà bàtà wọn ni mo rí. Alága jẹ́ obìnrin àgbà, bàtà aláwọ̀ ewé, wọ́n rán an dáadáa. Mo gbójú sí òdìkejì láti wo ti Olóhùn Oyin. Mo ti rò pé bàtà tó ń dán bíi dígí ló máa wọ̀. Gìgísẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti jẹ tán sí ẹ̀gbẹ́, àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ ń la ẹnu, ó sì ti fi gọ́ọ̀mù ìwé lẹ̀ ẹ́. Gọ́ọ̀mù ìwé! Ọkùnrin tó ti ń lọ sí àádọ́ta ọdún.

Wọ́n ka àwọn ọjà olè. Alága bi Olóhùn Oyin bóyá ó mọ ọjọ́ tí obìnrin náà kú. Ó ní ìwé tí wọ́n fún òun ò sọ ọ́. Alága fa ìlà gba orí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo gbọ́ ìró bírò rẹ̀.

Ó wá gbé ìwé ìbúra sókè. "Bàbá, àtẹ̀ka yín nìyí?"

"Tèmi ni."

"Ṣé òótọ́ ni gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀?"

Ọmọ mi di apá aṣọ mi mú lábẹ́ tábìlì. Mo dìde, apá aṣọ náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ní, "Àwọn ọjà tí wọ́n rà lẹ́yìn ikú ìyàwó mi, òótọ́ ni, a ò mọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n maṣíìnì yẹn, òun ló rà á. Ìdí rẹ̀ ni mò ń jókòó sí láràárọ̀. Mo búra pé kò rà á, torí mo rò pé mo mọ obìnrin náà tán. Mi ò mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo ní kò gbọdọ̀ ra nǹkan láwìn, ló ṣe fi í pamọ́ fún mi. Òun kọ́ ló parọ́ níbí, èmi ni. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Olóhùn Oyin fò dìde. "Ẹ gbọ́ ọ o! Ó ti jẹ́wọ́!"

"Ó jẹ́wọ́ pé ìyàwó òun ra maṣíìnì," ni Alága wí. "Ìwé àdéhùn tí obìnrin náà tọwọ́ bọ̀ dà?"

Ó tú báàgì rẹ̀. Ó tún un tú. Ó ní ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ mìíràn ni àwọn ti ra gbèsè náà, pé àwọn yẹn náà rà á lọ́wọ́ báǹkì, bóyá ìwé náà bọ́ sọ́nà.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi orí kan orí. Nígbà tí wọ́n pínyà, Alága ní gbèsè náà ti kọjá ọdún rẹ̀. Ó ní owó tí ọkọ fi sílẹ̀ nítorí pé wọ́n dójú tì í kì í ṣe ìfọwọ́sí. Wọn ò gbọdọ̀ pè mí mọ́, wọn ò gbọdọ̀ lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn mi mọ́. Ó wá kọjú sí mi. "Bàbá, ẹ má tẹ̀ka sí ohun tẹ́ ò mọ̀ mọ́. Torí ẹ̀yin fúnra yín lẹ dìde tún un ṣe la ṣe máa fojú fò ó. Ẹ máa lọ sílé."

Mi ò lọ. Mo bi í pé, "Ta ni kí n wá san owó maṣíìnì fún?"

"Kò sí ẹni tẹ́ ẹ máa san án fún, Bàbá."

"Ẹni tó tà á fún un ń kọ́?"

"Báǹkì ti san tirẹ̀."

"Báǹkì ń kọ́?"

"Wọ́n ti ta gbèsè náà."

"Ẹni tó rà á ń kọ́?"

Ó wo Olóhùn Oyin, ó wo báàgì tó là sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Àwọn méjì tó kù rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi náà rẹ́rìn-ín, ó dì mọ́ mi lọ́rùn níwájú gbogbo wọn, ó ní a ti borí.

Wọ́n dá mi sílẹ̀. Mo ti ń ka gìgísẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀, mo ti ṣírò iye tí mo máa pààrọ̀ kí n tó san án tán. Mo fẹ́ san án. Kò sí ẹnìkan láyé tí mo lè ka owó náà sí lọ́wọ́, ẹni tó sì ń fi aṣọ lílọ̀ san án ti lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlá

Mo yọ bàtà Bíríkìlà kúrò lórí ìṣó. Mo nù ún, mo fi òróró kùn ún, mo gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Ó wà lókè lórí pákó. Ó rí mi, ó sọ̀ kalẹ̀.

"Bàbá, kí lẹ wá ṣe níbí? Ẹ ò ní ṣubú?"

Mo na bàtà sí i. Ó wò ó. Ó wá gbé ẹsẹ̀ tirẹ̀ sókè. Bàtà tuntun ló wà níbẹ̀.

"Ẹ pẹ́, Bàbá. Ìparí oṣù tó kọjá ni mo ra èyí. Àwìn ni." Ó rẹ́rìn-ín, kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Ẹni tó tà á fún mi ò ní pátákó."

Ó ní òun máa gbà á fún àbúrò òun. Mo ní kó má san nǹkan kan. Ó kọ̀. Ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó ka ìdajì tó kù sí mi lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, sìmẹ́ǹtì wà lára owó náà.

"Mi ò fẹ́ jẹ yín, Bàbá."

Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń wò. Mo gba owó náà. Kí ni mo fẹ́ ṣe?

Ọmọ mi ní kí òun bá mi yọ pátákó yẹn kúrò. Mo ní kó fi í sílẹ̀, ọwọ́ ìyá rẹ̀ ni. Kò sí ẹni tó máa tọ ojú rẹ̀ mọ́. Kí òjò máa pa á rẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Olóhùn Oyin wá sí ṣọ́ọ̀bù.

Mo rí Agẹrun tó fi oníbàárà sílẹ̀, tó jáde wá dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ mi ti mú fóònù jáde láti pe onígíláàsì. Ọkùnrin náà gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, kò sí báàgì lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá mi, ẹ kú iṣẹ́. Kì í ṣe ti gbèsè. Bàtà ni."

Ohùn rẹ̀ ò dùn tó ti orí fóònù. Ó bọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó dúró lórí ẹsẹ̀ kan bí ẹyẹ, ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ ti lu. Mo ní kó jókòó. Mo ní kó bọ́ èkejì náà. Ó ní èkejì ò ṣe nǹkan kan. Mo ní òun ni ṣúmékà, àbí èmi?

Mo họ gọ́ọ̀mù ìwé yẹn kúrò. Mo rán àtẹ́lẹ̀ méjèèjì pẹ̀lú maṣíìnì, mo fi ọwọ́ òsì mi sí ibi tó máa ń wà tẹ́lẹ̀. Mo pààrọ̀ gìgísẹ̀ méjèèjì. Mo bu òróró díẹ̀ sí i, mo na án sí i. Ó wọ̀ ọ́, ó dìde, ó tẹ ilẹ̀ wò, ó rìn lọ, ó rìn bọ̀.

Ó ti ọwọ́ bọ àpò. Ó kà á. Ó tún un kà. Owó gìgísẹ̀ kan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá mi," ló wí, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀, "ìyókù di ìparí oṣù. Ẹ jọ̀ọ́. Mo mọ̀ pé..."

Agẹrun ti dé àárín títì.

Mo gba ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní ìparí oṣù dára, kó máa lọ.

Ó ṣẹ́ṣẹ̀ wá gbójú sókè. Ó rí i. Ó kà á, ẹnu rẹ̀ ń mì.

"Bàbá, pátákó yín ń kọ́?"

Mo ní ìyàwó mi ló kọ ọ́. Èmi ò mọ̀wé.